Ọ̀gẹ̀dẹ̀, Àlejò Tó Di Onílé: Àgbéyẹ̀wò Orúkọ Rẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹni tó bá dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ láàárọ̀, tó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ lòun fẹ́ rà, tí kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á: "Ọmọ mi, àgbagbà ni àbí wẹ́wẹ́?" Bó bá ní àgbagbà ni, ìbéèrè kejì ń bọ̀: "Dúdú ni àbí pípọ́n?" Bó bá sì jẹ́ pé wẹ́wẹ́ ló ń wá, ìyá náà lè tún bi í bóyá òmìnì ni tàbí pàràǹtà. Mo ti dúró níwájú irú àtẹ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, kí n tó fura pé nínú ìbéèrè ìyá yìí ni ìdáhùn wà sí ọ̀rọ̀ kan tó da àwọn onímọ̀ ewéko ilẹ̀ Yúróòpù láàmú fún nǹkan bí igba ọdún.

Ọmọ Oǹdó ni mí, Àkúrẹ́ ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ gbé mi lọ. Ìlú méjèèjì kì í gbọ́ orúkọ kí wọ́n má wádìí ohun tó wà nídìí rẹ̀. Bá àgbà Àkúrẹ́ jókòó, yóò sọ fún ọ pé ìlẹ̀kẹ̀ ló já lọ́rùn Ọmọ́rẹ̀mílẹ́kún Aṣọdẹ́bóyèdé nígbà tó dé orí ilẹ̀ náà, tí wọ́n fi ní "àkún rẹ́". Bá àgbà Oǹdó jókòó, ọ̀rọ̀ ẹ̀dó ni yóò sọ, igi tí iṣu ń fà lé. Àwọn tó tẹ ìlú dó ń gún un mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n bá dé, títí wọ́n fi kan ibi tí ẹ̀dó ti kọ̀ tí kò wọlé, wọ́n sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni Ifá ní kí àwọn sọ̀ sí. Irú etí yìí ni mo gbé lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ rí lára rẹ̀, àti bóyá ohun tí wọ́n rí náà ṣì dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Láti Èkó dé Ìlọrin, láti Kétu dé Oǹdó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Èyí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí kò bá fi í wé orúkọ àwọn irúgbìn mìíràn. Ẹ wo ẹ̀gẹ́: níbì kan gbágùúdá ni, níbòmíràn pákí. Ẹ wo ànàmọ́: àwọn kan ń pè é ní ọ̀dùnkún, àwọn kan kúkúndùnkún. Àgbàdo ń jẹ́ ìgbàdo, ó ń jẹ́ ọkà, ó tún ń jẹ́ yangan. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo àwọn wọ̀nyí ti wá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń ná òkun. Bí wọ́n ṣe ń wọ ìlú kọ̀ọ̀kan ni ìlú kọ̀ọ̀kan ń fún wọn lórúkọ tó bá tọ́ sí i lẹ́nu. Nígbà mìíràn, Yorùbá kì í tilẹ̀ fi àlejò bò rárá. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń jẹ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, kòkó sì gbé orúkọ tó ti ń jẹ́ lókè òkun wọlé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára. Kò sí òyìnbó lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, kò sí Lárúbáwá, kò sí Potogí.

Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ló ni orúkọ náà. Àwọn Ẹ̀dó ń pè é ní ọghẹdẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ígbò ń pè é ní ogede. Àwọn Ígálà ní ọ̀rọ̀ tó bá ti wa mu. Àwọn Haúsá, tí wọ́n ń pe wẹ́wẹ́ ní ayaba, ní ọ̀rọ̀ agade fún àgbagbà, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwa ará gúúsù ni ọ̀rọ̀ náà ti gòkè lọ. Ní Àkúrẹ́ pàápàá, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì. Àwọn oníṣòwò Ẹ̀dó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́, àwọn tí ìtàn mọ̀ sí Adó-Àkúrẹ́, tí wọ́n ń ṣe káràkátà láàárín ìlú náà àti Bìní. Mo máa ń ronú nípa ọjà ayé ìgbà náà: bí ará Àkúrẹ́ kan bá ń sọ èdè rẹ̀, tí ará Bìní kan ń sọ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n máa nílò ògbufọ̀ fún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sí lára wọn.

Nígbà tí èdè tó pọ̀ tó báyìí bá pín orúkọ kan, a jẹ́ pé ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà ti pẹ́ láàárín wọn. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, àwọn tó ń hú ilẹ̀ wádìí sì ti rí ohun tó gbè é lẹ́yìn. Ní Nkang, ní Kamẹrúùnù, wọ́n rí àwọn wóró tíntìntín tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, nínú kòtò kan tí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí 2,500 ọdún. Ọdún 2000 ni wọ́n kéde rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ṣì ń bá wọn jiyàn lórí àkókò náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà ní Áfíríkà tipẹ́ kí ọkọ̀ àwọn Potogí tó fojú kan etíkun wa ní nǹkan bí ọdún 1472. Ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ jìnnà réré: gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà àti Papua New Guinea, níbi tí wọ́n ti rí àmì pé àwọn ènìyàn ti ń gbìn ín fún bí 7,000 ọdún. Ṣùgbọ́n àgbagbà àti àwọn ìbátan rẹ̀ gbèrú ní ilẹ̀ wa débi pé, nígbà tí wọ́n ka oríṣi wọn tó wà ní Áfíríkà, wọ́n lé ní 100. Àlejò tó bímọ tó báyìí ti di onílé.

Ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn Akan ilẹ̀ Gánà wé e. Borɔdeɛ ni wọ́n ń pe àgbagbà, ìtumọ̀ tí wọ́n sì máa ń fún un ni iṣu òyìnbó. Mi ò rò pé òyìnbó ló mú un dé Gánà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé orúkọ lè purọ́ nípa orírun ohun kan, kó sì sọ òótọ́ nípa ìgbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí ohun pàtàkì. Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣọ́ra fún ìtumọ̀ orúkọ, títí kan èyí tó bá dùn létí mi jù.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Ní ọdún 1753, Carl Linnaeus, ará Súwídìn tó ń fún gbogbo ewéko ayé lórúkọ, sọ àgbagbà ní Musa paradisiaca. Ní 1759, ó sọ wẹ́wẹ́ ní Musa sapientum. Ẹ wo bí ìtàn ṣe kún inú orúkọ wọ̀nyí. Àwọn kan ní láti ara mawz, orúkọ tí àwọn Lárúbáwá ń pè é, ni Musa ti wá. Àwọn mìíràn ní ìrántí Antonius Musa ni, oníṣègùn Késárì Ọ̀gọ́sítọ́sì. Paradisiaca jẹ́ ti párádísè, nítorí àwọn kan gbà pé èso inú ọgbà Édẹ́nì nìyí. Sapientum jẹ́ ti àwọn ọlọgbọ́n, nítorí àwọn ìwé àtijọ́ ní àwọn amòye ilẹ̀ Íńdíà a máa jókòó lábẹ́ ibòji rẹ̀, wọn a sì máa jẹ èso rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó ń ka Súúrátù Wáákíà náà mọ igi kan nínú ọgbà ìdẹ̀ra, èyí tí èso rẹ̀ tò lé ara wọn, tí ọ̀pọ̀ àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Orúkọ tó wuyì ni gbogbo wọn. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé Linnaeus ka méjèèjì sí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé ọ̀kan kò bá èkejì tan.

Ó di ọdún 1947 àti 1948 kí onímọ̀ ewéko kan, Cheesman, tó ń ṣiṣẹ́ ní Trinidad, tó fi hàn pé orúkọ méjèèjì kò tọ́. Ọmọ àdàlù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ. Inú igbó ni àwọn òbí wọn méjì wà, wọ́n kún fún kóró: Musa acuminata àti Musa balbisiana. Ní 1955, àwọn onímọ̀ méjì, Simmonds àti Shepherd, fi lẹ́tà A dúró fún òbí kìíní, wọ́n fi B dúró fún èkejì. Láti ìgbà náà, AAB ni wọ́n ń kọ fún àgbagbà: ìpín méjì láti ara òbí kan, ìpín kan láti ara èkejì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń bó jẹ ní tútù jẹ́ AAA. Ìdílé kan ni wọ́n, wọ́n kàn yàtọ̀ nípa bí wọ́n ṣe pín ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ ìyá tó wà ní Ọjà Ọba. Orúkọ ìdílé kan ló fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi àdàpè ya àwọn ọmọ ìdílé náà sọ́tọ̀: àgbagbà, wẹ́wẹ́, òmìnì, pàràǹtà. Ètò tí àwọn onímọ̀ fi igba ọdún rìn dé ni ìyá náà ń lò láti fi tajà. Gẹ̀ẹ́sì ló pín wọn sí méjì, plantain àti banana, tí ọmọ ilé ìwé wa fi ń dàgbà pẹ̀lú èrò pé ohun méjì tí kò tan mọ́ra ni. Mo ti bá ọmọ tó jókòó ní kíláàsì kẹfà sọ̀rọ̀, tó ní banana kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni plantain. Ó dùn mí. Èdè ìyá rẹ̀ ti sọ òótọ́ fún un tẹ́lẹ̀, ilé ìwé ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtumọ̀ wẹ́wẹ́ kò ní ìdààmú: ohun tó kéré, tó já sí kékeré-kékeré. Ti àgbagbà ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Bí o bá bi ènìyàn mẹ́wàá ní Oǹdó, ó ṣeé ṣe kí mẹ́jọ sọ pé àgbà ni ìdí rẹ̀: àwọn àgbààgbà láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí pé wọ́n tóbi, wọ́n sì ga ju àwọn wẹ́wẹ́ lọ. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ pè é síta kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Àgbààgbà, bí a ti ń pe àwọn àgbà ìlú, ìsàlẹ̀ ni ohùn wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú àgbagbà, ohùn gòkè sí àárín kó tó tún sọ̀kalẹ̀. Nínú èdè tó jẹ́ pé ohùn nìkan ló ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀, a kò lè fojú fo irú ìyàtọ̀ yẹn. Nítorí náà, mi ò gbà pé àgbà ló bí àgbagbà. Mo gbà pé wẹ́wẹ́ ló fa èrò yẹn. Nígbà tí ọmọ kan nínú ìdílé bá ti ń jẹ́ kékeré, etí yóò máa wá àgbà ilé kiri, èyí tó ga tó sì sanra ló sì máa bá.

Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti wo èso yìí tí wọ́n rí agbára lára rẹ̀. Ní Kúbà, plátano macho, akọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ni wọ́n ń pe àgbagbà. Ìwo ni Gẹ̀ẹ́sì rí: àwọn onímọ̀ pín àgbagbà ayé sí oríṣi, wọ́n sì ń pe àwọn tí ọmọ wọn tóbi, tí kò pọ̀ nínú ìdì, ní horn. Àgbagbà tiwa wà lára àwọn tó sún mọ́ ìwo yìí. Ní Kúbà kan náà, ọ̀rọ̀ tiwa gan-an wà láàyè. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ mú orúkọ náà dání. Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé ará Kúbà, kọ èdè Lùkùmí wọn sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Anagó tó jáde ní 1957, oguedé ni àwọn Lùkùmí ń pè é, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi bọ Ṣàngó. Ìyá kan ní Oǹdó, bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Kí n tó kúrò lórí ohùn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí lójoojúmọ́. Nínú ìwé tí kò ní àmì ohùn, ogede lè jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ, ó sì lè jẹ́ ògèdè, ọ̀rọ̀ alágbára tí àwọn àgbà ń pè láti fi ṣe iṣẹ́ kíákíá. Ọ̀kan wà nínú ìkòkò, èkejì wà lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i nínú àwọn ìwé iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí òǹkàwé tí kì í ṣe Yorùbá kò lè mọ èwo ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Àmì kékeré lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́tà ló ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ banana wá ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú wa gbà pé ti òyìnbó ni. Ẹ wò ó: ní 1563, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Potogí kan, Garcia da Orta, tẹ ìwé kan jáde ní Goa ní Íńdíà. Nínú rẹ̀ ló ti sọ pé èso yìí wà ní Guinea náà, bananas sì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò wa, ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọkọ̀ tó fi kárí ayé. Ọmọ tó ń sọ banana lójú ìyá rẹ̀ láti fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ Áfíríkà ló ń sọ.

Plantain ló yẹ ká máa fura sí. Plátano ni àwọn Sípéènì ń pè é, orúkọ tí wọ́n ti fi ń pe igi ńlá kan lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, láti ibẹ̀ ló sì ti yí padà dé ẹnu àwọn ará Ìlú Ọba. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ti ní plantain mìíràn nílé ṣáájú: ewéko kékeré kan tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, tí ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń fi wo ọgbẹ́ àti ojú tí kòkòrò bá ta. Látinú planta, àtẹ́lẹsẹ̀ lédè Látìnì, ni orúkọ tirẹ̀ ti wá, nítorí ewé rẹ̀ tẹ́ bí ojú ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó gbé e dé Amẹ́ríkà, tó sì ń hù níbi gbogbo tí wọ́n bá gbà kọjá, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ń pè é ní ojú ẹsẹ̀ òyìnbó. Ewéko méjì yìí kò bá ara wọn tan rárá. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́ lónìí, tó ń wá ohun tí ewé plantain lè ṣe fún ara, ewé ti ẹ̀bá ọ̀nà Yúróòpù ni wọn yóò máa kà fún un. Yóò jáde sẹ́yìn ilé, yóò já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò sè é mu, yóò sì rò pé ìwé ló fọwọ́ sí i. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ ìlera bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá kó kọ́kọ́ wo orúkọ Látìnì tó wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Plantago, kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Orúkọ tó tún gba àròjinlẹ̀ ni dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò dúdú. Àwọ̀ ewé ló ní. Ṣùgbọ́n nínú bí àwọn baba wa ṣe pín àwọ̀, funfun wà, pupa wà, dúdú sì wà, inú dúdú ni àwọ̀ ewé tútù sùn sí. Bí èso bá ti ń gbó, tó ń yí padà, a ní ó ń pọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà tí à ń lò fún ohun tó bá pupa. Nítorí náà, àwọ̀ ni pípọ́n àti dúdú ń sọ, ọjọ́ orí ni wọ́n sì ń sọ. Ẹ wá wo ibi tó ti dùn mọ́ mi jù: nígbà tí àgbagbà bá pọ́n kọjá àlà, tí èèpo rẹ̀ dúdú bí èédú, kò sí ẹnikẹ́ni lọ́jà tí yóò pe ìyẹn ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Ó ti pọ́n jù ni wọ́n máa ń sọ. Orúkọ náà ń tẹ̀lé ìgbésí ayé èso, kò tẹ̀lé ohun tí ojú rí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ìyá ọlọ́jà kò bi oníbàárà rẹ̀ ní dúdú tàbí pípọ́n lásán. Nínú dúdú ni èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń wá, tí à ń fi ro àmàlà, nínú rẹ̀ ni ìpékeré sì ti wá. Láti inú èyí tó ti pọ́n ni dòdò ti wá. Èyí tó bá wà láàárín ló dára fún bọ̀ọ̀lì lórí ẹyín iná. Èyí tó ti pọ́n jù kò ṣòfò: ó di mósà, ní Ìkirè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ni wọ́n ti ń fi ata àti epo pò ó di Dòdò Ìkirè tí àwọn awakọ̀ ń dúró rà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú èso náà ni pé ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ń yí padà di ṣúgà bó ṣe ń pọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà pé kí wọ́n yan dúdú. Ìmọ̀ràn náà ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n oúnjẹ afúnnilágbára ni dúdú náà, ẹni tó bá rò ó kún àwo yóò rí i lára ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan tún ní irin pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀bẹ tí wọ́n fi bó o dúdú. Oje inú èèpo ló bá irin ara ọ̀bẹ fà á, díẹ̀ ni irin tó wà nínú èso náà fúnra rẹ̀.

Bí o bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, tí o kọjá Ọ̀wẹnà àti Bọ́lọ́rundúró, oko kòkó ni yóò máa tẹ̀lé ọ. Ohun tí ojú àlejò kì í tètè rí ni pé níbi tí kòkó bá ti kéré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló bò ó. Ọmọ kòkó kò lè fara da oòrùn, nítorí náà, àgbẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbin àgbagbà, yóò wá fi kòkó sábẹ́ ibòji rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tí kòkó yóò fi dàgbà, àgbagbà ni àgbẹ̀ ń jẹ, òun náà ló ń tà fi san owó iléèwé ọmọ. Nígbà tí orí kòkó bá padé lókè, wọn a gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kòkó sọ di ọlọ́rọ̀ ní Oǹdó àti Ìdànrè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló tọ́ ọrọ̀ wọn dàgbà. Nígbà tí wọ́n bá ń ka ohun tó mú ilẹ̀ yìí lọ́rọ̀, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ alágbàtọ́ náà.

Èyí tí kò sí lóko kòkó wà lẹ́yìn balùwẹ̀. Lóko gbangba, èso rẹ̀ máa ń dín kù lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Nílé, níbi tí omi ìdọ̀tí àti pàǹtí ilé ìdáná ti ń bọ́ ọ, ó lè so fún ogún ọdún. Èèpo rẹ̀ náà kò sì di pàǹtí: wọn a sá a, wọn a sun ún, eérú rẹ̀ àti ti èèpo kòkó ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú.

Ní 1986, àrùn kan tí kò sí ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀ fara hàn ní Onne, nítòsí Port Harcourt, níbi tí IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, ti ń ṣe ìwádìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Black sigatoka ni wọ́n ń pè é. Láti àfonífojì Sigatoka ní erékùṣù Fiji ló ti gba orúkọ. Ó ń jó ewé gbẹ lójú igi, ìdì èso kò sì ní yọ dáadáa. Àgbagbà kò ní agbára sí i. Àwọn onímọ̀ IITA ṣe ohun tí àwọn kan rò pé kò ṣeé ṣe: nínú ewéko tí kì í so kóró, wọ́n rí ọ̀nà láti mú irú tuntun jáde tó lè dúró de àrùn náà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn King Baudouin fún un ní 1994. Mo yọ̀ fún wọn. Ohun tó kù tó ń jẹ mí lọ́kàn ni orúkọ. PITA 14, PITA 17, PITA 21 ni àwọn ọmọ tuntun náà ń jẹ́. Nọ́ńbà kò ní ohùn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ó dára fún dòdò tàbí fún àmàlà. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè mìíràn tí wọ́n pín fún àgbẹ̀ nígbà náà, irú bíi Cardaba, wọ inú oko, ṣùgbọ́n lọ́jà, ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe àgbagbà, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ní 1984, Zacharia Gbilẹ̀ kó orúkọ Yorùbá àwọn ewéko Nàìjíríà jọ sínú ìwé kan fún ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé bẹ́ẹ̀ ń kọ orúkọ ìdílé, kì í ráyè kọ orúkọ gbogbo ọmọ inú ìdílé. Àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, tí abúlé kọ̀ọ̀kan fi ń dá oríṣi àgbagbà tirẹ̀ mọ̀, ẹnu àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n wà. Wọ́n sì ń lọ pẹ̀lú wọn.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi. Ohun tó dà bí igi lára rẹ̀, ìdí ewé ni, tó wé mọ́ ara wọn. Ó ń so lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, á sì kú. Nígbà náà, ọmọ ti yọ nídìí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ òwe náà: iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ohun tí mo kọ́ nípa AAB fi kún ìtumọ̀ òwe yìí fún mi. Àgbagbà kì í so kóró. Kò gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ tó yọ nídìí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ bí a ti ń bí ọmọ ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ ni, ó tún hù.

Ní ẹ̀yìn ilé wa ní Oǹdó, ìdí àgbagbà kan wà tí ìyá ìyá mi gbìn. Nígbà tí aládùúgbò kan fẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ gbìn, ìyá mi gé èyí tí ewé rẹ̀ tín-ínrín bí ọ̀bẹ, nítorí irú rẹ̀ ló ń ṣe dáadáa ju èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ lọ. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó fi ewé wé ìdí rẹ̀, ó sì gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́. "Àgbagbà Ìyá mi nìyẹn," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ògiri jù."